Ọkọ̀ Kan, Ìtàn Mẹ́ta

Ẹ lọ síbi ìkómọjáde tàbí ayẹyẹ ọjọ́ ìbí èyíkéyìí tí àwọn Yorùbá bá ṣe ní Houston, kí ẹ wá ibi tí àwọn bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun tán. Wọn yóò kọ́kọ́ bú ìjọba Nàìjíríà, wọn yóò fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wéra, lẹ́yìn náà ni ẹnì kan yóò ṣèèṣì dárúkọ ọkọ̀ Oldsmobile. Ẹni tó ti ń tòògbé á lajú. Ọ̀kan á ní Cutlass ni tòun, ọ̀kan á ní Delta 88, ẹnì kẹta á dìde lórí àga láti fi apá méjèèjì wọn bí Buick Electra 225 òun ṣe gùn tó, apá rẹ̀ kò sì ní ká a. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Àwọn ìyàwó wọn á máa wò wọ́n láti òdìkejì gbọ̀ngàn, wọ́n á ní, "Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀."

Ọmọ tó ń pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò láàárín wọn ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Tó bá di ọjọ́ Ajé, ọmọ yẹn kan náà á wá bá bàbá rẹ̀ pé mọ́tò tí wọ́n fún òun ń dún bákan níwájú. Bàbá á fa ojú ro. "Ṣé o mọ ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo wà ní irú ọjọ́ orí rẹ yìí? Mọ́tò tèmi, ilẹ̀kùn kan kì í ṣí. Mo tì í nínú òjò. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ìyà rárá." Ọmọ á dákẹ́, á máa rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé, ṣé kì í ṣe mọ́tò tó ń pa yín lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Sátidé náà lẹ wá fi ń bú mi lónìí?

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mo fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, torí n kò tíì rí ẹni tí kò kàn nínú wa. Ọkọ̀ kan ṣoṣo la ní, ìtàn mẹ́ta là ń sọ nípa rẹ̀. A ní èyí tí a sọ fún àwọn ará ilé ní Nàìjíríà, a ní èyí tí à ń sọ fún ọmọ, a sì ní èyí tí à ń sọ láàárín ara wa. Olúkúlùkù wa mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ọmọ tó ń bá wa gbé inú ilé ń gbọ́ gbogbo wọn, èyí tí a kò sì bá a sọ gan-an ló máa ń fẹ́ gbọ́ jù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọkọ̀ náà ti wá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó ń wa epo rọ̀bì ní àwọn kò ní ta epo fún Amẹ́ríkà mọ́, nítorí ogun tí Ísírẹ́lì ń bá Íjíbítì àti Síríà jà. Kí ọdún tuntun tó wọlé dáadáa, owó epo rọ̀bì ti di ìlọ́po mẹ́rin. Nàìjíríà kò bá wọn dá sí i. Ó ń ta tirẹ̀ ní iye tuntun náà, owó sì ń ya wọlé. Owó yẹn ni ìjọba fi ń rán àwọn ọmọ lọ kàwé ní òkè òkun. Òun náà ló jẹ́ kí náírà kan ju dọ́là kan lọ, tí olùkọ́ tàbí oníṣòwò aṣọ ní Ìbàdàn fi lè máa sanwó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ní Texas. Ní Amẹ́ríkà níbí ẹ̀wẹ̀, epo tó wọ́n yẹn ló lé àwọn ènìyàn jáde kúrò nínú ọkọ̀ ńlá. Impala tí Chevrolet tà ju mílíọ̀nù kan lọ ní ọdún 1965 nìkan, tí àwọn bàbá fi ń gbé ìdílé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, di ẹrù lọ́rùn ẹni tó ni í. Ní 1974, ìjọba fi òfin dá eré ọkọ̀ dúró sí máìlì 55 ní wákàtí kan kí epo má baà ṣòfò. Nígbà tí rògbòdìyàn Ìráànì tún gbé owó epo lọ sókè ní 1979, ẹni tó lówó lọ́wọ́ ra Toyota tàbí Honda kékeré. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó ló ra Impala.

Ṣé ẹ rí i? Epo ló gbé wa wọ bàálù, òun náà ló sọ ọkọ̀ ọlọ́lá di ọkọ̀ ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì gbẹ. Òun náà ló sì tún padà ta wá nípàá. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, tí ìjọba Shagari ní Nàìjíríà fi òfin dín owó tó ń jáde nílùú kù ní oṣù kẹrin 1982, owó láti ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́, nígbà tó yá kò wá mọ́. Houston tó jẹ́ ìlú epo náà ń dá òṣìṣẹ́ dúró. Ọkọ̀ tí a rà fún fàájì la wá fi ń pín ìwé ìròyìn ní ìdájí, òun la fi ń gbé ara wa lọ síbi iṣẹ́ alẹ́. Mo máa ń rò ó pé ọmọ tó bá gbọ́ èyí látòkèdélẹ̀ yóò lóye ohun tí wọ́n ń sọ nínú ìròyìn nípa epo ju ọmọ tí a kàn sọ fún pé "a jìyà" lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń jókòó sọ ọ́ látòkèdélẹ̀?

Ọkọ̀ tèmi jẹ́ Plymouth Valiant 1968, aláwọ̀ ewé tí oòrùn Texas ti ṣá. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, èyí tí Chrysler ṣe kó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí bọ́nẹ́ẹ̀tì má baà ga. Bí ẹ bá pàdé ẹni tó mọ̀ nípa ọkọ̀ àtijọ́, ẹ bi í nípa ẹ́ńjìnnì yẹn. Yóò sọ fún yín pé kì í kú bọ̀rọ̀. Jíà wà lára ọ̀pá sítíárì. Ìjókòó iwájú jẹ́ bẹ́ǹṣì kan gbọọrọ tó gba ènìyàn mẹ́ta láìfún mọ́ra. Bọ́tìnnì fúùlù láìtì wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ òsì là ń fi tẹ̀ ẹ́. Níwájú fèrèsé ńlá, fèrèsé kékeré onígun mẹ́ta kan wà tí a ń yí síta kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wa láyà, torí ẹ̀rọ amúlétutù kò sí níbẹ̀, ìjókòó oníke náà sì ń bó ènìyàn nítan bí oòrùn bá mú.

Ọjọ́ tí táyà ẹ̀yìn lápá òsì kọ́kọ́ jò, mo fi sípánà sí nọ́ọ̀tì, mo yí i bí gbogbo ayé ṣe ń yí i. Ó le sí i. Mo gun orí sípánà náà, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró lé e. Ó tún le sí i. Bàbá aláwọ̀ dúdú kan tó ń gbé ilé kejì jókòó síta, ó ń wò mí, ó ń mu bíà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó sú u, ó dìde wá, ó fi èékánná tọ́ka sí lẹ́tà L kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ sórí bóòtì. Láyé ìgbà yẹn, Chrysler máa ń ṣe bóòtì apá òsì kó máa yí ní òdìkejì, kí yíyí táyà má baà tú u lójú ọ̀nà. Bàbá náà yí i sọ́wọ́ ọ̀tún, ó tú wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò bú mi, kò sọ pé àwọn ọmọ Áfíríkà ò mọ nǹkan kan. Ó ní kí n tú èyí tó kù. Inú mi dùn débi pé mo ń wá ẹni tí táyà rẹ̀ jò kiri kí n lè fi ohun tí mo mọ̀ hàn án.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ́ mi. Ó fi hàn mí bí a ṣe lè fi páálí ìṣáná wọn àlàfo tó yẹ kó wà láàárín pọ́íǹtì inú dísítíríbútọ̀, bí a ti ń tú kábúrétọ̀ sórí ìwé ìròyìn àtijọ́ kí nǹkan wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ má baà sọnù. Bó bá ti di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, iwájú ilé tí àwa ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí á di gáréèjì. Wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, kásẹ́ẹ̀tì Obey á máa kọ nínú ọkọ̀ kan, ẹnì kan á máa se ìrẹsì lókè. Nígbà tí Sunny Adé wá ṣeré káàkiri Amẹ́ríkà ní 1983, a rún ara wa mọ́ inú Valiant, mẹ́ta níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, a sì kọrin títí a fi dé ilé. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ rántí. Èyí ni ìtàn tí à ń sọ láàárín ara wa. Bí ìyà bá tilẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ̀rín la fi ń sọ ọ́.

Èyí tí a fi ránṣẹ́ sílé yàtọ̀ pátápátá. Ta ni nínú wa tí kò ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀? Kóòtù tí a yá lọ́rùn, ẹsẹ̀ kan lórí bọ́ńpà, ojú sí oòrùn. Ẹni tí ọkọ̀ tirẹ̀ kò bá wuyì á lọ fara ti ti ọ̀rẹ́. Ẹni tí kò ní rárá á fara ti èyí tí onílé gbé síta. Fọ́tò á dé Ọ̀yọ́, á dé Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n á fi férémù sí i, wọ́n á gbé e kọ́ sí pálọ̀. Níbi tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ti ń gun Peugeot, tí olùkọ́ sì ń yáwó kó tó lè ra Volkswagen ìjàpá, ta ni yóò gbà pé ọkọ̀ tó gùn tó báyẹn lowó rẹ̀ kéré jù lójú títì? Àwa náà kò kúkú sọ fún wọn. Nígbà tí àbúrò bá wá kọ lẹ́tà pé kí a fi owó ránṣẹ́, a ó máa kanra, a ó ní wọn ò mọ ohun tí ojú wa ń rí. Báwo ni wọn yóò ṣe mọ̀? Fọ́tò ni wọ́n rí.

Lónìí, ọmọ wa ń fara ti ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ń gbé e sórí Instagram, à ń pariwo pé ayé ti bàjẹ́, pé íntánẹ́ẹ̀tì ló kọ́ wọn ní irọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ara wa rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò sí ohun tí ọmọ náà ṣe tí kò sí nínú álíbọ́ọ̀mù tó wà nínú pálọ̀ wa, ó sì ti ń ṣí álíbọ́ọ̀mù náà láti kékeré. Ó ti bi wá rí pé, "Dádì, ṣé tiyín ni ọkọ̀ yìí?" A ní, "Hẹn-ẹn," a sì ṣí ojú ìwé kejì.

Ó wá ku ìtàn tí à ń sọ fún ọmọ. Kí ló dé tí a máa ń yọ ìdùnnú kúrò nínú rẹ̀? Mo ti bi àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀kan ní bí ọmọ bá gbọ́ pé a gbádùn, yóò rò pé eré la wá ṣe ní Amẹ́ríkà. Òmíràn ní ẹ̀rù ń ba òun kí ọmọ má baà ṣe bẹ́ẹ̀: mẹ́ta níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, láìde bẹ́líìtì. Àwọn méjèèjì kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n mo rò pé ohun mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn bàbá tiwa kì í jókòó sọ ìtàn ìgbà èwe wọn fún wa. Ọkọ̀ bàbá mi, à ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀ Sátidé, a kì í jókòó sí iwájú rẹ̀, mẹkáníìkì nìkan ló sì lè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí bàbá bá bá ọmọ sọ̀rọ̀ pẹ́, ìmọ̀ràn ni tàbí ìbáwí. Ohun tí a mọ̀ sí ọ̀rọ̀ bàbá nìyẹn. Nígbà tó wá kan àwa náà, a lanu, ohùn bàbá wa ló jáde.

N kò sì rí ibi tí a ti fẹ́ dá àwọn bàbá náà lẹ́bi. Ilé tí wọ́n tọ́ wa sí kún fún àgbà. Ìyá àgbà wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá wà níbẹ̀, aládùúgbò tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ wà lójú ọ̀nà. Ohun tí bàbá kò sọ, ẹlòmíràn á bá wa sọ ọ́ lálẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló sọ fún wa bí bàbá ṣe fi kẹ̀kẹ́ onírin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún un wọ odò nítorí ó ń wo ọmọbìnrin kan. Bàbá ń tẹ́tí, kò sọ nǹkan kan, ẹ̀rín ń jà lẹ́nu rẹ̀. Ní Houston, ní London, kódà ní Lẹ́kí báyìí, ta ló wà nílé tí yóò bá ọmọ sọ irú rẹ̀? Òbí fúnra rẹ̀ ni. Bí òbí bá wá sọ ti ìyà nìkan, ti ìyà nìkan náà ni ọmọ mọ̀.

A rò pé ìmọrírì là ń kọ́ ọ. Ohun tó gbọ́ ni pé kí ènìyàn tún nǹkan ṣe fúnra rẹ̀, ìyà ni. Pé ẹni tó bá ti rí já jẹ kì í fi ọwọ́ kan ọ́ìlì mọ́. Ojú rẹ̀ sì ń rí wa. Bàbá tó ń fi ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yangàn ní òde àríyá, ọmọ kò rí i rí kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó ń gùn, àfi bó bá fẹ́ da omi tí wọ́n fi ń fọ gíláàsì sí i. Bí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá dákẹ́, fóònù là ń gbé. Bí kọ́ńbọ́ọ̀dù bá yẹ̀, a ó ra òmíràn. Lẹ́yìn náà, a ó jókòó, a ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan. Níbo ni wọn ì bá ti rí i?

Àwọn kan yóò sọ pé ọkọ̀ ìsinsìnyí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń ṣí. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 1996, gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tó ń lo epo ní Amẹ́ríkà ló ní ojúhò kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tí a lè ki ẹ̀rọ kékeré bọ̀ láti bi kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ pé kí ló ń ṣe é. Ẹ̀rọ náà kò wọ́n, ó wà ní ilé ìtajà ẹ̀yà ara mọ́tò gbogbo, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sì lè lò ó ju àwa lọ. Bátìrì ṣì ni bátìrì. Táyà ṣì ń jò. Bóòtì apá òsì kò tilẹ̀ yí sódì mọ́.

Kí a má sì wá fi adùn ẹnu tan ara wa jẹ. Àwọn ọkọ̀ yẹn ń pa ènìyàn. Ní 1972, ó lé ní 54,000 ènìyàn tó kú lójú pópó ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ kò sì pọ̀ nígbà náà tó ti òní. Bẹ́líìtì wà nínú Valiant mi, abẹ́ ìjókòó ló ń gbé. Ìpínlẹ̀ New York tó kọ́kọ́ fi òfin mú àgbàlagbà láti dè é, òpin ọdún 1984 ni. Báàgì afẹ́fẹ́ tó ń wú jáde bí ọkọ̀ bá forí gbá kò di dandan fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun títí di ti ọdún 1998. Ford Pinto tí àwọn ọ̀rẹ́ wa kan rà torí pé owó rẹ̀ kò tó nǹkan, Ford pè é padà ní 1978, òun àti èkejì rẹ̀ Mercury Bobcat, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ọkọ̀, torí táńkì epo rẹ̀ lè gbiná bí wọ́n bá kọ lù ú lẹ́yìn. Òjé wà nínú epo tí à ń rà nígbà náà. Bàbá wo ló ní làákàyè tí yóò fi ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ 1968 kó máa gbà á lọ sílé-ìwé lọ́nà márosẹ̀ I-45? Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń sọ pé ẹ fẹ́ ra Impala àtijọ́ fún ọmọ kí ojú rẹ̀ lè là, ara yín lẹ fẹ́ rà á fún. Bí owó bá wà, ẹ rà á, ó ti wọ́n báyìí. Ẹ má kàn fi ọmọ ṣe àwáwí.

Cuba ni mo máa ń ronú kàn bí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀. Chevrolet àti Buick ti àwọn ọdún 1950 ṣì ń kó èrò ní Havana. Almendrón ni wọ́n ń pè wọ́n. Kì í ṣe pé àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn ohun àtijọ́ jù wá lọ. Lẹ́yìn tí Castro gba ìjọba ní 1959, tí Amẹ́ríkà sì fòpin sí òwò láàárín wọn, ọkọ̀ tuntun láti ibẹ̀ kò wọlé mọ́. Títí di 2014, ará ìlú gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ìjọba kó tó lè ra ọkọ̀ tuntun. Ọmọ ń jogún ọkọ̀ náà lọ́wọ́ bàbá, ẹ́ńjìnnì dísù tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ mìíràn ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn àlejò ń sanwó láti gun ọkọ̀ náà, wọ́n ń ya fọ́tò. Ẹni tó ni í ń ronú ibi tí yóò ti rí bíréèkì. Ìyà ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kì í ṣe ìyà. Àmọ́ ọmọ ibẹ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Ó gbọ́ èébú nígbà tí sípánà yọ̀, ó gbọ́ orin nígbà tí ẹ́ńjìnnì jí. Ìtàn wo ni bàbá fẹ́ yí padà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀?

Òfin Texas gba òbí láàyè láti kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ọkọ̀ wíwà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ṣe é, ẹ gbìyànjú rẹ̀, bí àyà yín bá gbà á. Kò sí ibi tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ti ń jókòó ti òbí rẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìwo fóònù. Nígbà tó kan àbíkẹ́yìn wa, mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó mọ́ mi lẹ́nu, pé ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò mọ ìyà. Kò dáhùn. Nígbà tó yá, mo sọ ti lẹ́tà L fún un, bí mo ṣe dúró lórí sípánà bí ọ̀bọ, bí bàbá oníbíà yẹn ṣe ń wò mí. Ó rẹ́rìn-ín tó fi ní kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ìbéèrè wá ń tẹ̀lé ara wọn. Ta ni bàbá náà? Ṣé ó ní ọmọ? Kí ló ń jẹ tó fi ráyè jókòó síta ní ọ̀sán? Ṣé mo padà lọ kí i lẹ́yìn tí mo kó kúrò? Kò béèrè ohun kan nípa ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Tẹ́ ẹ bá wà níbi iṣẹ́ alẹ́, ta ló ń wà á?"

Ìyá rẹ̀ wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ó ní, "Èmi ni."

Ẹ ò rí i pé a ti sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ti àwọn bàbá nìkan la ń sọ. Obìnrin tó dé láti Abẹ́òkúta, tí kò di sítíárì mú rí, òun ló ń wa Valiant yẹn lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́, òun ló wà á lọ sí ìtọ́jú aláboyún. Ó ní òórùn epo inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí oúnjẹ dúró nínú òun nígbà oyún àkọ́bí. Ó ní kò sí ohun tó pa òun lẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ náà, kò sì sí ohun tó pa òun lẹ́kún. Ọkọ̀ ni, ó ń gbé òun dé ibi tí òun ń lọ. Ọmọ náà ń gbọ́ èyí fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, èmi náà sì gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ sọ bí òun ṣe tà á. Ibi iṣẹ́ ni mo wà lọ́jọ́ náà. Ọmọkùnrin kan tó rí ìpolówó wa nínú ìwé ìròyìn wá, ó fẹ́ tú táyà wò kó lè rí bíréèkì, ó dojú kọ ẹsẹ̀ òsì, ó yí i, ó yí i, ó làágùn, ó ní ọkọ̀ náà ti dípẹtà, òun kò ní san iye tí a pè é. Ìyá àwọn ọmọ gbé ọmọ sí ìbàdí kejì, ó lọ bẹ̀rẹ̀ níwájú táyà, ó fi ìka tọ́ka sí lẹ́tà náà, ó ní kó yí i sí ọ̀tún. N kò rántí ọjọ́ kankan tí mo kọ́ ọ. Nọ́ọ̀tì tú. Ọmọkùnrin náà dìde, ó nu ọwọ́, ó kó owó jáde. Ìyá àwọn ọmọ ní nígbà náà lòun fi ogún dọ́là lé e.